Láti Ilé Ìdáná sí Yàrá Ìdáná: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Àtúntò Ibi Ìdáná ní Ètìòrò-Àkókó

Ìfáárà

Nínú gbogbo ibi tí ó wà nínú agbo-ilé Yorùbá, bóyá ni a lè rí èyí tí ìyípadà ti dé bá tó ibi ìdáná. Láàrin ìran méjì sí mẹ́ta, iná ti kúrò lórí ààrò ẹ̀yìnkùlé, ó gba orí sítóòfù oníkẹrosíìnì kọjá, ó sì ti dé orí àdìrò tí ń lo gáàsì. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe iná náà àti ohun tí ó yí i ká ni kò tíì bá a dé ibẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, àti ìpele kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ní 1990, jẹ́ òpómúléró fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ bíríkìlà, ti pọ́lọ́ńbà àti ti ìtọ́jú ilé kò sí lára ohun tí wọ́n dáwọ́ lé, ẹ̀bi wọn kọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtọ́jú ilé kò lè dúró de ìpele kẹta, bẹ́ẹ̀ ni ògbufọ̀ tí wọ́n gbé ìwé ìlànà àdìrò lé lọ́wọ́ kò lè dúró dè é.

Ètìòrò-Àkókó, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó tí olú rẹ̀ wà ní Ọ̀kà, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ilé alámọ̀ àti ilé búlọ́ọ̀kù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tún ibi ìdáná rẹ̀ ṣe yóò ra ọjà ní Ìkàrẹ́, yóò gba káfíńtà láti Ọ̀kà, ó sì lè gba pọ́lọ́ńbà láti ìlú mìíràn tí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ yàtọ̀. Àkókó kún fún ẹ̀ka-èdè, àní ó kún fún èdè tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Yorùbá gbogbogbòò ni gbogbo wọn yóò fi dúnàá-dúrà, òun náà sì ni a ń wá ọ̀rọ̀ ìperí fún níhìn-ín.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń tẹnu mọ́ ni pé àìtó ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ wà. Àmọ́ gbangba ẹ̀yìnkùlé ni a ti kọ́ ìtumọ̀ wọn, a sì ń gbé wọn wọ inú yàrá tí a dí pa láì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n bá ibẹ̀ mu. Ní ibi méjì ó kéré tán, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

Ilé àti yàrá

Kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ń sọ pé *ilé* ìdáná, nígbà tí a kì í sọ pé ilé ìsùn? Ìdí ni pé ilé ni ní tòótọ́. Ní ẹ̀yìnkùlé ni ó máa ń dá dúró sí, ògiri rẹ̀ kì í sábà kan òrùlé, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní ògiri ju ẹ̀gbẹ́ kan tàbí méjì lọ. Iná ń jó níbẹ̀ ní tirẹ̀, bí ó bá sì ṣìnà, ó ṣeé ṣe kí ilé ńlá bọ́. Nígbà tí wọ́n bá gbé e wọ inú ilé ńlá, kì í ṣe ilé mọ́, yàrá ni. Ó yẹ kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ fi *ilé ìdáná* sílẹ̀ fún èyí tí ó dá dúró, kí wọ́n sì máa pe èyí tí ó wà nínú ilé ní *yàrá ìdáná*. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè lásán. Ẹni tí ó bá gbọ́ *yàrá* yóò rántí pé ògiri mẹ́rin àti àjà ni ó wà níbẹ̀, yóò sì béèrè ibi tí èéfín yóò gbà jáde.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ohùn. Ìdáná ni ti oúnjẹ. Ìdána ni ti ìyàwó. Ìwé tí kò bá lo àmì ohùn yóò kọ méjèèjì bákan náà, òǹkàwé yóò sì máa ronú bóyá àna ni ó ń bọ̀ tàbí ọbẹ̀. Èyí kò lè pa ẹnikẹ́ni. Àpẹẹrẹ tí ó lè pani ń bọ̀ níwájú.

Nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà, ó sì dára kí a má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. *Àtúnṣe* ni ti ohun tí ó bàjẹ́: páànù tí ń jò, ògiri tí ó sán. *Àtúnkọ́* ni kí a wó o kí a sì kọ́ ọ lọ́tun. *Àtúntò* ni kí ògiri dúró ṣùgbọ́n kí ohun inú rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Onílé tí ó bá sọ fún bíríkìlà pé “bá mi tún ibẹ̀ ṣe” lè ní àtúntò lọ́kàn nígbà tí bíríkìlà ń ṣírò owó símẹ́ǹtì tí a fi ń dí ihò. Ìjà tí ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí owó bá tán ní ìlàjì iṣẹ́ kì í sábà jìnnà sí irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Àwọn olùpolówó ọjà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti máa pe ibi ìdáná tí ó wuni ní ti ojú àlá. Kí ògbufọ̀ má ṣe gbìyànjú rẹ̀. Oúnjẹ ojú àlá kì í ṣe oúnjẹ tí Yorùbá ń fi yangàn. Ẹni tí ó bá jẹun lójú àlá, ìwádìí àti àdúrà ni ó kàn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára pátákó ní Ìkàrẹ́ pé “ẹ wá ra yàrá ìdáná ojú àlá,” àwọn ìyá ọlọ́jà yóò gba ọ̀nà mìíràn lọ. *Yàrá ìdáná àfọkànfẹ́* tó.

Ìrìn ẹsẹ̀ àti ibùdó odó

Ní 1926, obìnrin ayàwòrán-ilé kan ní ilẹ̀ Austria, Margarete Schütte-Lihotzky, ya yàrá ìdáná kan fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Yàrá náà kéré: nǹkan bí mítà 1.9 ní ìbú àti mítà 3.4 ní gígùn. Ó wo bí wọ́n ti ń dáná nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ka iye ìṣísẹ̀ tí obìnrin ń gbé láti ibi kan dé ibì kejì, ó sì to gbogbo nǹkan sí àrọ́wọ́tó. Ní ọdún 1940 sí 1949, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin: iná, omi àti ibi ìtọ́jú oúnjẹ ni igun mẹ́ta, àpapọ̀ ìrìn láàrin wọn kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bí mítà 8 lọ.

Kí ni a ó pe èyí? *Onígun mẹ́ta iṣẹ́* péye, ṣùgbọ́n ó ń rùn bíi ti kíláàsì ìṣirò. Yorùbá ti mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, nítorí náà *ẹsẹ̀ ààrò iṣẹ́* kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye: ibi mẹ́ta tí iṣẹ́ ìdáná dúró lé, tí ọ̀kan kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìkejì jù. Ìfẹ̀lójú ìtumọ̀ ni, kì í sì í ṣe ìṣẹ̀dá tuntun.

Síbẹ̀ òfin Illinois kò gbọ́ nípa iyán. Ní Ètìòrò àti ní gbogbo Àkókó, ẹsẹ̀ kẹrin wà, òun sì ni odó. Odó kì í dúró lórí pẹpẹ, kì í sì í dúró lórí táìsì: bí ọmọ odó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, agbára rẹ̀ ń gba ìdí odó lọ sínú ilẹ̀, táìsì tí kò bá ní símẹ́ǹtì kíkún lábẹ́ yóò sì là. Ọ̀pọ̀ àtúntò ni ó parí tí ìyá ilé tún ń gbé iṣu gbígbóná jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ya ojú odó sínú àwòrán. Kí *ojú odó* wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìperí: apá kan ilẹ̀ yàrá ìdáná, tàbí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kàn án, tí a fi kọnkéré tí ó nípọn ṣe, tí a kò lẹ táìsì sí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti wà lórí ìwé, bíríkìlà yóò béèrè rẹ̀.

*Pẹpẹ* náà yẹ kí ó padà wá. Ó ti pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á mú, ṣùgbọ́n ibi gíga tí a ń gbé nǹkan lé ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. *Pẹpẹ iṣẹ́* ni kí a pe ibi tí a ti ń gé ẹ̀fọ́ tí a sì ń bẹ iṣu. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a kàn mọ́ ògiri lókè kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. *Àjà* ni ẹni tí ó bá rántí ààrò àtijọ́ yóò kọ́kọ́ ronú kàn, nítorí lórí àjà tí ó wà lókè iná ni wọ́n ń kó àgbàdo ọ̀gbìn àti ẹran gbígbẹ sí. Àmọ́ bí onílé bá sọ pé kí káfíńtà “kan àjà,” gbogbo òkè yàrá náà ni yóò kàn. Kí a jẹ́ kí *kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri* máa lọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni síǹkì, páìpù, táìsì àti fíríìjì: gbogbo ènìyàn ti gbà wọ́n, wọ́n sì ti ní ohùn Yorùbá lẹ́nu. Ẹni tí ó ń kọ “ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù” níbi tí gbogbo ọjà Ìkàrẹ́ ti ń sọ pé fíríìjì, ara rẹ̀ nìkan ni ó ń kọ̀wé sí.

Èéfín tí a rí àti èyí tí a kò rí

Ní ẹ̀yìnkùlé, èéfín kì í ṣe ọ̀tá pátápátá. Òun ni ó ń lé kòkòrò kúrò lára àgbàdo orí àjà, òun ni ó ń gbẹ ẹja àti ẹran. Nínú yàrá ni ó ti di ikú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni ó kú lágbàáyé nítorí afẹ́fẹ́ ilé tí èéfín ìdáná bà jẹ́, tí iye àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láàrin wọn sì lé ní 237,000.

Ìṣòro ọ̀rọ̀ tí ó wà níhìn-ín ni pé ohun tí ojú rí tí ó sì ta ojú ni Yorùbá ń pè ní *èéfín*. Igi tútù ní èéfín. Èédú tí ó ti pọ́n dáadáa kò ní. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù bá mú lórí àwọn òkè Àkókó, ènìyàn lè gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, kí ó ti fèrèsé, kí ó sì fọkàn balẹ̀ pé “kò ní èéfín.” Òótọ́ ni ó sọ nípa èdè. Ní ti sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yínná tí kò rí ọ́síjìn tó ń tú gáàsì kan sílẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í sì í ta ojú. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn kiri máa ń di gáàsì yìí mú ju bí ó ti ń di ọ́síjìn mú lọ ní ìlọ́po tí ó ju 200. Ẹni tí ó ń sùn kò ní mọ̀ rárá.

Bí ìwé ìkìlọ̀ bá sọ pé “ẹ ṣọ́ra fún èéfín,” oníkìlọ̀ kò tíì kìlọ̀ fún ẹni tí ń lo èédú. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, kí *kábọ̀n mọnọ́sáídì* dúró bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àyálò. Fún ará ilé, *májèlé ẹ̀yínná* ni ó dára jù: ó fi hàn pé láti inú ẹ̀yínná ni ó ti ń wá, kò sì sọ pé a lè fojú rí i. Àwọn kan lè sọ pé májèlé kò ju ohun tí a ń jẹ tàbí tí a ń mu. Ìyẹn ni ìfẹ̀lójú ìtumọ̀ wà fún.

Ihò tí èéfín yóò gbà jáde lókè ni kí a pe ní *ojú èéfín*. *Fèrèsé olójúkojú*, èyíinì ni fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé níhìn-ín kí ó sì jáde lọ́hùn-ún, kò nílò àlàyé púpọ̀. Àwọn bíríkìlà àtijọ́ mọ̀ ọ́n láì ní orúkọ fún un.

Gáàsì, afẹ́fẹ́ àti iná

Ọ̀rọ̀ tí ó nira jù ni ó kù. Ẹ gbọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé: “Gáàsì ti tán.” “Gbé ìkòkò sórí gáàsì.” “Gáàsì náà wúwo, wá bá mi gbé e.” Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́: ohun tí ń jó, ohun tí ó ń jó lórí rẹ̀, àti ohun tí a kó o sínú rẹ̀. Lẹ́nu ìyá àti ọmọ, kò sí ìpalára níbẹ̀. Nínú ìwé ìlànà, ó di òkùnkùn. “Pa gáàsì kí o tó sùn”: ṣé kọ́ọ̀bù ara àdìrò ni, tàbí ti orí àgbá? Ọ̀tọ̀ ni bí rọ́bà tí ó so wọ́n pọ̀ bá là láàrin òru lẹ́yìn tí kọ́ọ̀bù àdìrò nìkan ti wà ní pípa. Nítorí náà, *gáàsì ìdáná* fún ohun tí ń jó. *Àdìrò gáàsì* fún èkejì, nítorí *àdìrò* ti jẹ́ orúkọ ibi ìdáná tẹ́lẹ̀. *Àgbá gáàsì* fún ẹ̀kẹta, yálà èyí tí ó gba kílò 3 ni tàbí 12.5.

Àwọn ògbufọ̀ mìíràn tí wọ́n kórìíra àyálò ti ń kọ *afẹ́fẹ́ ìdáná*. Ó dùn létí, ó sì jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n kí ni afẹ́fẹ́ lọ́kàn ẹni tí ń gbọ́ ọ? Ohun fífúyẹ́ ni, ohun tí ń fẹ́ lọ, tí fèrèsé kan tí a ṣí ti tó láti lé jáde. Gáàsì ìdáná kò rí bẹ́ẹ̀. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìdá kan àti ààbọ̀. Butane sì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ó bá tú sílẹ̀, kò ní gòkè lọ sí ojú fèrèsé. Yóò sọ̀kalẹ̀ bí omi, yóò ṣàn sí ilẹ̀, yóò sì dúró sínú kòtò, lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti nínú ojú àgbàrá, títí iná yóò fi kàn án. Omi ni ó tilẹ̀ jẹ́ nínú àgbá. Bí ó bá di gáàsì, yóò gba ààyè tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 250 ti tẹ́lẹ̀.

Orúkọ tí ó bá ń sọ fún ènìyàn pé afẹ́fẹ́ ni yóò mú kí ó ṣí fèrèsé òkè kí ó sì rò pé ewu ti kọjá. Níhìn-ín, àyálò sàn ju ọ̀rọ̀ abínibí lọ, nítorí pé *gáàsì* kò ní ìtumọ̀ àtijọ́ kan tí yóò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ihò ìsàlẹ̀ ògiri tí gáàsì yóò gbà jáde náà yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀, kí bíríkìlà má baà dí i nítorí eku: *ojú gáàsì*, kí ó bá *ojú èéfín* ti òkè dọ́gba. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí àgbá náà wà lóde ògiri pátápátá. Ilé ìdáná àtijọ́ ti fi ọgbọ́n yẹn hàn kí gáàsì tó dé.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ *iná* fúnra rẹ̀ yóò wá dojú kọ ògbufọ̀. Iná ni èyí tí ń jó, iná ni ti ẹlẹ́tíríìkì, iná ni gílóòbù. Ìkìlọ̀ tí ó bá sọ pé “bí òórùn gáàsì bá wà, ẹ pa iná” lè mú kí onílé sáré lọ tẹ bọ́tìnnì gílóòbù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtànṣán kékeré tí ń wà nínú bọ́tìnnì nígbà tí a bá ń tàn án tàbí tí a bá ń pa á tó láti ran gáàsì. Kí ìwé sọ ọ́ ní kíkún: kí a má ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná ẹlẹ́tíríìkì rárá, yálà láti tàn án tàbí láti pa á, kí a má ṣe ṣá iṣáná, kí a dé orí àgbá pa, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti gbogbo fèrèsé sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jáde. Òórùn náà, ó dára kí olùkọ́ sọ ọ́, kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n fi èròjà tí ń rùn sí i kí a lè mọ̀ pé ó ti tú.

Fún àyẹ̀wò rọ́bà, omi ọṣẹ ni a ń fi pa ojú ibi tí ó ti so mọ́ àgbá. Bí ọṣẹ náà bá ń hó, gáàsì ń jò. Ní gbólóhùn yìí gan-an ni àpẹẹrẹ tí a ṣèlérí lókè wà. *Gáàsì ń jò* ni pé ó ń tú sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. *Gáàsì ń jó* ni pé iná rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ohùn kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Ìwé ìléwọ́ tí a tẹ̀ láìsí àmì ohùn yóò kọ “gaasi n jo” fún ewu, yóò sì kọ “gaasi n jo” fún àlàáfíà, ìyá ilé tí ń kà á lójú àdìrò ni yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ṣàwárí èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Títí àwọn ilé ìtẹ̀wé yóò fi máa tẹ àmì ohùn láìyẹ̀, kí ògbufọ̀ kọ *gáàsì ń tú jáde* fún èkíní, kí ó sì fi *jó* sílẹ̀ fún iná nìkan.